Ẹ Fi Aláta Sílẹ̀, Ọ̀gá Tó Ń Fi Òṣìṣẹ́ Pamọ́ Ni Kẹ́ Ẹ Mú

Bí ọ̀rọ̀ owó-orí bá ti délẹ̀ lórí rédíò lówùúrọ̀, kì í pẹ́ tí ẹnìkan fi máa ń sọ ọ́. Yóò ní àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tí ìjọba ò mọ̀ sí ni wọ́n ń jẹ ìlú lówó. Yóò wá máa kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: aláta, télọ̀, mẹkáníìkì, awakọ̀ dánfó, lébìrà, ọmọ ọ̀dọ̀. Yóò ní ojú títì ìjọba ni gbogbo wọn ń rìn, síbẹ̀ wọn kì í san kọ́bọ̀. Ohun tó máa ń ní kí ìjọba ṣe kò sì ju ẹyọ kan lọ: kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù wọn pa, kí wọ́n gbé ọkọ̀ wọn lọ, kí wọ́n fi tipátipá kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, àgàgà létí ẹni tí wọ́n ń yọ owó-orí lára owó oṣù rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀bi wà kọ́ ni wọ́n ń nawọ́ sí. Èèyàn kì í dédé fi iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ pamọ́ fún ìjọba. Ó ń fi í pamọ́ nítorí pé bó bá fi hàn, ìnira ni yóò kó lé orí ara rẹ̀, kò sì ní rí nǹkan kan gbà padà. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ fi nǹkan kan pamọ́. Ọ̀gá tó gbà á síṣẹ́ ló fi í pamọ́. Ìjọba tí kò bá tún ohun méjèèjì yìí ṣe, bó rán ẹgbẹ̀rún agbowó-orí lọ sọ́jà, asán ni.

Ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ tóbi ju bí wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ. Ní ọdún 2018, Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, ILO, kéde pé bílíọ̀nù méjì èèyàn ló ń ṣiṣẹ́ tí òfin àti ètò ààbò kò dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n sì lé ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo òṣìṣẹ́ ayé. Ní Áfíríkà, wọ́n lé ní 85 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní Nàìjíríà, ìwádìí tí NBS, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, ṣe ní ọdún 2023 fi hàn pé wọ́n lé ní 92. Nígbà tí èèyàn mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá bá wà nínú nǹkan, kò ṣeé pè ní ìwà àwọn ọ̀bàyéjẹ́ kan mọ́. Ètò tí ìlú là sílẹ̀ ni kò gba ọmọ ìlú.

Irọ́ àkọ́kọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ orí rédíò yẹn ni pé àwọn èèyàn wọ̀nyí kì í sanwó. Ẹni tó bá wọ dánfó láti Ìyànà-Ìpájà lọ sí Ọ̀ṣòdì yóò rí bí ọwọ́ kọ́ndọ̀ ṣe ń jáde lójú fèrèsé láti ibùdókọ̀ dé ibùdókọ̀, tó ń fi owó lé agbèrò lọ́wọ́: owó àárọ̀, owó tíkẹ́ẹ̀tì, owó ìrọ̀lẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde 800 náírà lójúmọ́ pé òun ni yóò jẹ́ owó kan ṣoṣo tí ìjọba ìpínlẹ̀ àti káńsù yóò máa gbà lọ́wọ́ awakọ̀. Ọdún náà kò tíì parí tí àwọn awakọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ọlọ́jọ́ méje, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, nítorí owó gáréèjì tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn lọ́tùn-ún lósì kò dáwọ́ dúró. Àwọn tí wọ́n ń pè ní aláìsanwó ló pa iṣẹ́ tì nítorí owó tí wọ́n ń san pọ̀ jù.

Taiwo Oyedele, tó ṣe alága ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ gbé kalẹ̀ ní ọdún 2023 láti tún ọ̀rọ̀ owó-orí ṣe, ti sọ ọ́ ní gbangba pé oríṣi owó-orí tí ìjọba mọ̀ sí lé ní 60, pé èyí tí wọ́n ń gbà láìbófinmu sì lé ní 200. Bẹ́ẹ̀, láti ọdún 1998 ni òfin ti to àwọn owó tí ìjọba lè gbà lẹ́sẹẹsẹ, tó sì ka dídí ọ̀nà láti fi gba owó-orí léèwọ̀. Títí di òní, ọkọ̀ tó ń kó tòmátò àti àlùbọ́sà bọ̀ láti òkè Ọya ṣì ń bá pákó onísòó pàdé lójú ọ̀nà. Owó yìí kì í wọ àpò ìjọba, ìwé tí wọ́n já fún awakọ̀ kò sì wúlò fún un níbì kankan. Ẹni tí wọ́n ti gba owó báyìí lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó dé ọjà, kí ni yóò mú un rìn wọ ọ́fíìsì lọ pé òun wá san òmíràn?

Irọ́ kejì ni pé àwọn èèyàn wọ̀nyí kì í fẹ́ ìwé, wọn kì í fẹ́ forúkọ sílẹ̀, wọn kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ iye tó ń wọlé fún wọn. Ẹni tó bá dúró ní ọjà Bódìjà tàbí Oyíngbò láàárọ̀ kan ṣoṣo yóò mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Alájọ ń bọ̀ pẹ̀lú káàdì rẹ̀. Kò mú ọlọ́pàá dání, kò sí òfin kankan lẹ́yìn rẹ̀. Aláta tó sá fún agbowó-orí yóò tú owó nídìí aṣọ, yóò kà á fún un, yóò sì wo bó ṣe ń fàmì sí káàdì. Ó mọ̀ pé bí oṣù bá parí, gbogbo owó òun ni òun yóò gbà, àyàfi ti ọjọ́ kan ṣoṣo tó jẹ́ ti alájọ. Bákan náà ni télọ̀ àti birikìlà ṣe ń forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n ń san owó ẹgbẹ́, wọ́n ń san owó ìtanràn bí wọ́n bá pẹ́ dé ìpàdé, wọn kì í sì gba fúrídọ̀mù láìjẹ́ kí ẹgbẹ́ mọ̀. Ẹgbẹ́ ní tiẹ̀ ń yọjú síbi ìsọmọlórúkọ àti ìsìnkú wọn, ó sì ń bá wọn dá sí ìjà oníbàárà. Àwọn tí wọ́n ní kò ṣeé kọ sílẹ̀ wọ̀nyí ti wà nínú ìwé níbi méjì, mẹ́ta. Ti ìjọba nìkan ni wọn ò fẹ́ wọ̀.

Ìtàn ilẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀ ti sọ ìdí rẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, láti ọdún 1918 ni àwọn obìnrin ti ń san owó-orí láìní ohùn nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná an. Nígbà tó di 1947, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin jọ sí ààfin Aké. Ẹjọ́ wọn kò mọ sórí pé owó-orí pọ̀. Wọ́n ní kí ìjọba lọ gba owó-orí tó pọ̀ sí i lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó tó ń jèrè nílẹ̀ Ẹ̀gbá, kí wọ́n sì fún obìnrin ní ìjókòó nínú ìgbìmọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké kúrò lórí oyè, wọ́n sì dá owó-orí àwọn obìnrin dúró. Ní ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ tí a mọ̀ sí Àgbẹ́kọ̀yà dìde ní àgbègbè Ìbàdàn àti káàkiri Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Owó kòkó ti já wálẹ̀, ọ̀nà oko ti bàjẹ́, agbowó-orí kò sì dẹ́kun lílù wọ́n nílé àti lóko. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn kí ìjọba tó dín owó-orí náà kù.

Àwọn kan máa ń fi ìtàn méjèèjì yìí sọ pé Yorùbá kò fẹ́ owó-orí láé. Wọ́n gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì. Nígbà tí ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gbé owó-orí fún ẹ̀kọ́ àti ìlera lé aráàlú lórí ní 1953, inú bí ọ̀pọ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fìdí rẹmi ní ìwọ̀-oòrùn nínú ìdìbò àpapọ̀ ọdún 1954. Nígbà tó di oṣù kìíní 1955, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Iye ọmọ tó wà nílé-ìwé fò láti nǹkan bí 457,000 sí 811,000 láàárín ọdún kan. Ní 1956, àwọn tó bínú lánàá tún ẹgbẹ́ náà dìbò yàn sórí ìjọba. Owó náà kò di ọ̀fẹ́ fún wọn. Wọ́n ti rí ohun tí wọ́n fi rà lójú ara wọn ni, nínú yunifọ́ọ̀mù ọmọ wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ jà fún èrò tó gbòde yóò ní ọ̀rọ̀ kan tó lágbára lẹ́nu, kò sì yẹ ká fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì kò ní ibi tí wọ́n fẹ́ sá sí. Wọ́n ti yọ owó-orí wọn kí owó oṣù tó wọlé, nígbà tí aládùúgbò wọn tó ń pa ìlọ́po mẹ́wàá owó wọn kò san nǹkan kan. Ìwà ìrẹ́jẹ nìyẹn, ó sì tọ́ kí inú bí wọn. Ṣùgbọ́n ta ni aládùúgbò náà? Òfin owó-orí tuntun tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní oṣù kẹfà 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026, ti ní ẹni tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò ju 800,000 náírà lọ kò jẹ owó-orí kankan. Ìjọba fúnra rẹ̀ ti gbà pé kò sí nǹkan nínú igbá aláta. Ibi tí owó wà hàn ní 2017, nígbà tí Kemi Adeosun, tó jẹ́ mínísítà ètò ìṣúná nígbà náà, sọ pé ní gbogbo Nàìjíríà, èèyàn 214 péré ló ń san owó-orí tó tó 20 mílíọ̀nù náírà lọ́dún, Èkó sì ni gbogbo wọn wà. Kò sí aláta nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn onílé ńláńlá ní Àbújá, Port Harcourt àti Ìbàdàn, àwọn kọ́ńtíráátọ̀ àti àwọn tó ń ta ilẹ̀, àwọn ni orúkọ wọn kò sí níbẹ̀.

Ó wá ku àwọn tí kò fi ara wọn pamọ́ rárá.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní òpópónà Gerrard ní Ìkòyí wó lulẹ̀. Ó kéré tán, èèyàn 40 ló kú. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, àwọn ìyá àti ìyàwó ń dúró lẹ́bàá àlàpà, iye tí wọ́n ń kéde lónìí kì í bá ti àná mu, nítorí kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé báyìí ni àwọn tó wà nínú ilé náà ṣe pọ̀ tó. Bí wọ́n ṣe ń gba lébìrà nìyẹn káàkiri ìlú: wọ́n á dúró ní oríta láàárọ̀, ọkọ̀ á wá kó wọn, wọ́n á gba owó ojúmọ́ lálẹ́, kò sí ìwé. Ta ló ń fi ara pamọ́ níbẹ̀? Ṣé ẹni tó gbé kọnkéré lórí gun àjà kejìdínlógún ni, àbí ẹni tó ń kọ́ ilé ọlọ́pọ̀ bílíọ̀nù tí kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀?

Òfin tó yẹ kó gbà wọ́n wà ńlẹ̀. Òfin òṣìṣẹ́ Nàìjíríà ní láàárín oṣù mẹ́ta tí èèyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tó sọ bí àdéhùn iṣẹ́ wọn ti rí. Òfin ọdún 2010 ní kí ọ̀gá máa san náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tó ń san fún gbogbo òṣìṣẹ́ sí àpò NSITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí owó ààbò òṣìṣẹ́, kí ẹni tó bá fara pa tàbí ìdílé ẹni tó kú lè rí owó gbà mábinú. Òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 sọ ọ́ di dandan fún ilé-iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀gá á san 10 nínú ọgọ́rùn-ún, òṣìṣẹ́ á san 8. Òfin owó oṣù tó kéré jù, tó di 70,000 náírà ní 2024, kò dé ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. Ọ̀gá tó ní 40 òṣìṣẹ́ mọ ìṣirò yìí dáadáa. Yóò kọ 14 sínú ìwé, yóò sì pe àwọn yòókù ní alábàáṣe, ọmọ iṣẹ́ tàbí ẹni tó wá dá owó ojúmọ́. Iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ gan-an nìyẹn, èrè rẹ̀ sì tóbi ju ohun tí aláta lè pa láéláé. Bí agbowó-orí bá dé, lébìrà ni wọ́n máa ń bi pé níbo ni ìwé rẹ wà.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Ìlú Ọba ti fojú ara wọn rí ohun tí ọ̀nà líle máa ń bí. Láti ọdún 2016, ẹni tó bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìní ìwé àṣẹ ti di ọ̀daràn, ìjọba sì lè gba owó tó fi òógùn rẹ̀ ṣe. Ní oṣù kejì 2024, wọ́n gbé owó ìtanràn ọ̀gá sókè títí dé 60,000 pọ́ùn lórí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ìjọba kan náà ló ṣílẹ̀kùn fún àwọn òṣìṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní oṣù kejì 2022, tó so físà wọn mọ́ ọ̀gá kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ ta ilẹ̀, wọ́n yá owó, wọ́n dé ibẹ̀, wọn ò bá iṣẹ́. Láàárín oṣù keje 2022 sí òpin 2024, ìjọba gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ìtọ́jú tó lé ní 470, tí òṣìṣẹ́ tó so mọ́ wọn lé ní 39,000. Ọjọ́ 60 ni wọ́n fún irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti wá ọ̀gá mìíràn tàbí kó padà sílé. Ẹni tó ní gbèsè nílé kì í padà. Á bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ káàṣì, níbi tí wọn yóò ti san ìdajì owó tó yẹ fún un, kò sì ní lè fẹjọ́ sùn, nítorí òun ni wọn yóò kọ́kọ́ mú. Òfin tó sọ òṣìṣẹ́ di ọ̀daràn ti fi pàṣán lé ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ìforúkọsílẹ̀ lásán kò lè ṣe é. Ní Kútọnu, nígbà tí ìjọba Benin dá ìwé àṣẹ kan sílẹ̀ fún àwọn oníṣòwò kéékèèké, àwọn onímọ̀ Bánkì Àgbáyé àti akẹgbẹ́ wọn tọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn láti mọ ohun tí yóò mú wọn forúkọ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé lásán fún wọn, díẹ̀ ló dáhùn. Nígbà tí wọ́n bá wọn ṣí àkáǹtì ní báǹkì, tí wọ́n kọ́ wọn níṣẹ́, tí wọ́n sì bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ owó-orí, ìforúkọsílẹ̀ lọ sókè ní nǹkan bí 16 nínú ọgọ́rùn-ún. Àmọ́ èrè tí àwọn tó forúkọ sílẹ̀ rí kò tó nǹkan, owó tí wọ́n sì ná láti fà wọ́n wọlé ju owó-orí tí wọ́n lè san láàárín ọdún mẹ́wàá lọ. Ìjọba tó bá ń lé oníṣòwò kékeré kiri nítorí owó, àdánù ló ń lé. Ghana náà ti rí tirẹ̀: ní 2022 wọ́n gbé owó-orí 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó tí èèyàn bá fi fóònù ránṣẹ́. Ní 2025, wọ́n fagi lé e pátápátá.

Brazil gba ọ̀nà mìíràn. Láti oṣù keje 2009, onígbàjámọ̀, télọ̀ tàbí ẹni tó ń ta àkàrà ní Bahia lè forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní MEI. Owó kan ṣoṣo ni yóò máa san lóṣù, ó kéré, iye rẹ̀ kì í yí padà bí ọjà bá yá. Ohun tó sì wà nínú rẹ̀ ni owó ìfẹ̀yìntì, owó àìsàn, àti owó tí obìnrin yóò máa gbà bó bá bímọ. Wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù 15 tó wà nínú ètò náà. Ó ní àlébù tirẹ̀, nítorí àwọn ọ̀gá kan ń ti òṣìṣẹ́ wọn sínú rẹ̀ kí wọ́n má bàa san ẹ̀tọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ níbẹ̀ tún jẹ́ ẹ̀kọ́ kejì: àtúnṣe òfin ilẹ̀ ní 2013 àti òfin 2015 fún wọn ní ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ gidi, síbẹ̀ púpọ̀ nínú wọn, tó jẹ́ obìnrin aláwọ̀ dúdú, ni ọ̀gá wọn kò tíì buwọ́ lu ìwé iṣẹ́ wọn. Ẹni tí òfin kò bá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í yí ìwà padà, ilẹ̀kùn ọ̀gá ló sì yẹ kí òfin kàn.

Nàìjíríà ti gbìyànjú apá kan. Ètò ìfẹ̀yìntì fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti ọlọ́jà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta 2019. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, àwọn tó wọ̀ ọ́ kò tó ẹnìkan nínú ọgọ́rùn-ún irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó rọrùn láti ní aráàlú kò mọ ohun tó dára. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ìjọba ní kí ẹni tí kò tíì rí omi lo lónìí gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí yóò gbà ní ogójì ọdún sí i. Ìlera ni ìbá kọ́kọ́ fún un. Òfin ọdún 2022 ti sọ ìbánigbófò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Kí owó kékeré tí télọ̀ bá san fún ìpínlẹ̀ di káàdì ìlera rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kó lè fi gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ kejì. Kí owó náà jẹ́ ẹyọ kan, kí wọ́n fi òfin 1998 mú ẹnikẹ́ni tó bá tún gbé igi dí ọ̀nà, ìbáà wọ yunifọ́ọ̀mù káńsù. Kí òṣìṣẹ́ tó bá fẹjọ́ ọ̀gá rẹ̀ sùn má pàdánù nǹkan kan, kí àwọn tó ń yẹ ibi iṣẹ́ wò sì pọ̀ ju àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì lọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní kí ìjọba ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá dúró de Àbújá. Ọwọ́ wọn ni ìwé àṣẹ ilé kíkọ́ wà. Kí wọ́n ṣòfin pé kọ́ńtíráátọ̀ tí kò bá kọ orúkọ gbogbo èèyàn tó wà lórí ilẹ̀ náà sílẹ̀, láti orí ẹnjiníà títí dé orí lébìrà ọjọ́ kan, tí kò sì san owó ààbò wọn, kò ní gbé búlọ́ọ̀kù kan lé èkejì. Kí ìyàwó oníṣẹ́ tó bá kú mọ ọ́fíìsì tí yóò lọ. Bí wọ́n bá ṣe èyí tán, tí aláta bá wá kọ̀ láti san tirẹ̀, nígbà náà ni kí wọ́n tó bú u lórí rédíò.